Nígbà Tí Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Ìjọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Párìṣì Àgùdà Lásìkò Kòrónà

Akọ̀wé ẹgbẹ́ St Vincent de Paul ni mí ní párìṣì kan lápá Alímọ̀ṣọ́, l'Ékòó. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ò ju pé ká wá aláìní kàn, ká ràn án lọ́wọ́, ká má pariwo. Láti ọdún 2020 làwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà ṣáá: àwọn ọmọ tí wọ́n kéré nígbà náà, àwọn ẹbí tó wà lókè òkun, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní párìṣì mìíràn. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè sinmi àlàyé. Òfin Ìjọ wà níbẹ̀, èrò tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ tèmi, torí mi ò kí ń fi bò.

Ìgbà wo gan-an lọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀?

Ní tiwa, inú eérú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́rú Eléérú ọdún 2020 bọ́ sí ọjọ́ 26 oṣù Kejì. Fáda fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo kọ àgbélébùú síwájú orí gbogbo wa, tọmọdé tàgbà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ kejì ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹnìkan ti ní Kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tó gba pápákọ̀ òfuurufú Èkó wọlé, tó sì ti dé ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Títí di òní, bí mo bá rántí àtàǹpàkò yẹn, ara mi á bù máṣọ.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta, ìjọba Èkó ní ìsìn kankan ò gbọdọ̀ ju èèyàn 50 lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́dìn wa dúró sẹ́nu géètì, ó ń ka orí. Ẹni kọkànléláàádọ́ta jẹ́ màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n gbé àga ike wá fún láti ilé. Wọ́dìn ò mọ ohun tó máa sọ. Màmá fúnra wọn ló ní, "Ọmọ mi, má wulẹ̀ ronú, mo ti rí ilé Ọlọ́run lókèèrè." Wọ́n ká àga wọn, wọ́n padà. Kò pẹ́ sígbà náà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà wa, Alfred Adewale Martins, dá Mísà tèrò ń pé sí dúró. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, kónílé-ó-gbélé ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ 14 ni wọ́n pè é, wọ́n sún un síwájú, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Àmọ́ tìjọ ò sí nínú ohun tí wọ́n tú. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ la tó padà wọlé l'Ékòó.

Ìjọba ló ti ilẹ̀kùn ni, àbí bíṣọ́ọ̀bù?

Àwọn méjèèjì. Ìjọba ló ní kéèyàn má pé jọ, bíṣọ́ọ̀bù ló ní àṣẹ láti dá Mísà gbogbogbòò dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ sí i: èrò ni wọ́n dá dúró, wọn ò dá Mísà dúró. Ojoojúmọ́ ni Fáda wa ń rú ẹbọ Mísà nínú ìjọ tó ṣófo, kátíkísì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, nìkan ló ń dá wọn lóhùn. Róòmù náà ti fìwé ránṣẹ́ lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹta nípa Ọ̀sẹ̀ Mímọ́: Àjíǹde ò ṣeé sún síwájú, ṣùgbọ́n kí àwọn àlùfáà ṣe ìsìn láìsí èrò, kí wọ́n fo ẹsẹ̀ wíwẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí àlùfáà nìkan fẹnu ko àgbélébùú lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Àjíǹde ọdún yẹn, ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, agogo ìjọ wa dún bó ṣe ń dún. A gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé a ò lọ Mísà ní gbogbo àkókò yẹn?

Rárá o. Òfin Ìjọ kejìdínláàádọ́tà lé ní ẹgbẹ̀fà, ìyẹn 1248, sọ ọ́ gbangba pé bí kò bá sí àlùfáà tàbí bí ìdí tó wúwo bá dí èèyàn lọ́wọ́, kó gbàdúrà fúngbà tó yẹ, ní tòun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ará ilé ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà sì lágbára láti yọ̀ǹda wa. Àwọn tó fìyẹn jẹ ara wọn níyà nínú ọkàn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá àwọn ìyá wa tí kò pa Mísà jẹ láti ìgbà ọmọge wọn.

Mísà orí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ṣé Mísà ni?

Fún ẹni tó wà nídìí pẹpẹ, Mísà ni. Fún ẹni tó wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú nílé, àdúrà ni, àdúrà tó dáa sì ni. Lumen Christi, tẹlifíṣọ̀n ti ẹkùn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó, ló gbà wá sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ párìṣì wa náà so fóònù mọ́ igi gbálẹ̀, wọ́n ń gbé tiwa jáde lórí Facebook. Dátà á tán nígbà tí wọ́n bá dé ibi Ìhìnrere, iná á lọ nígbà ìwàásù. Àwọn kan máa ń sọ pé Ọlọ́run mọ̀ọ́mọ̀ mú iná lọ nígbà ìwàásù ni.

Ohun tí Ìjọ kọ́ wa láti ṣe níbi tí ẹlòmíràn á ti gba Ara Olúwa ni kí á gbà á nínú ẹ̀mí: kéèyàn sọ fún Jésù pé òun gbà gbọ́ pé ó wà nínú Sákírámẹ́ńtì, pé òun ń fẹ́ ẹ, pé kó wá sínú ọkàn òun níwọ̀n bí òun ò ti lè gbà á lẹ́nu. Ìyá mi á wé gèlè, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Bí wọ́n bá dé ibi ìyàsímímọ́, wọ́n á kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Màmi, ẹsẹ̀ yín." Wọ́n ní ẹsẹ̀ tàwọn ò rojọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹta, a wo Póòpù Francis. Òun nìkan ló dúró ní gbàgede Pétérù Mímọ́, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ṣófo bí ọjà tó ti tú. Wọ́n gbé àgbélébùú onígi láti ìjọ San Marcello wá síbẹ̀, èyí táwọn ará Róòmù gbé yí ìlú ká nígbà àjàkálẹ̀ ọdún 1522. Omi òjò ń kán lára Jésù. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nílé wa fún nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ara ẹ̀ le lónìí, tí ilẹ̀kùn ìjọ ṣí sílẹ̀, tó ṣì ń ti orí bẹ́ẹ̀dì wo Mísà: ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Tẹlifíṣọ̀n ò lè fún yín ní Ara Kristi.

Ṣé Fáda lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ lórí fóònù?

Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àlùfáà àti ẹni tó ń jẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ wà níbì kan náà. Ó wà nínú ìwé tó ti Róòmù jáde lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé ẹni tí kò bá rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àlùfáà, tó bá kábàámọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ tọkàntọkàn nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, tó sì pinnu pé òun á lọ jẹ́wọ́ gbàrà tí àyè bá yọ, Ọlọ́run ti dárí jì í, kódà bó ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun, inú kátíkísíìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ, ló ti ń sùn.

Nígbà tí wọ́n tú kónílé-ó-gbélé díẹ̀, Fáda gbé àga méjì sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wọn, ọ̀kan kọjú sí fẹ́ǹsì, ìkejì jìnnà sí i tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fi ìbòmú bo ẹnu ní láti gbé ohùn sókè. A sún ìlà àwọn tó ń dúró lọ sẹ́yìn géètì, a sì ní kí àwọn akọrin máa fi rédíò kékeré kọ orin níbẹ̀.

Àwọn aláìsàn àti ẹni tó ń kú lọ ńkọ́?

Ibí yìí ló nira jù. Fún aláìsàn tó wà nílé, Fáda lọ. Òfin Ìjọ gbà wọ́n láyè láti fi nǹkan mú òróró bí ìdí tó wúwo bá wà, nítorí náà òwú tí wọ́n wé mọ́ igi ni wọ́n fi ta òróró mímọ́ síwájú orí àti ọwọ́ aláìsàn, wọ́n á sun òwú náà lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ ibùdó ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ibi téèyàn kàn ń wọ̀. Ìwé mìíràn tó ti Róòmù jáde lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta yẹn kan náà fún àwọn tí àrùn náà mú, àwọn tó ń tọ́jú wọn, àti àwọn tó ń gbàdúrà fún wọn ní ìdáríjì ìyà ẹ̀ṣẹ̀, ó sì rántí ẹni tó ń kú lọ láìrí àlùfáà, bó bá jẹ́ ẹni tó máa ń gbàdúrà nígbà ayé ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ párìṣì wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ bò wọ́n débi pé aláìsàn ò mọ ojú ẹni tó ń tọ́jú òun. Ó wá kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sí àyà aṣọ náà. Bí ẹni tó jẹ́ Àgùdà bá ń lọ, á sún mọ́ etí ẹ̀, á ka Sáàmù kẹtàlélógún ní Yorùbá. Kò lé, kò dín, ohun tó mọ̀ sórí nìyẹn.

Lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà sọ fún ìjọba pé ilé ìwòsàn àti kílíníìkì Kátólíìkì 425 wà káàkiri ilẹ̀ yìí, kí wọ́n lò wọ́n fún ibùdó ìyàsọ́tọ̀ bó bá yẹ.

Báwo lẹ ṣe sìnkú?

Ní kúkúrú, èyí tó dun Yorùbá dọ́kàn. Ẹni tí àrùn náà pa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló sin ín. Ẹni tí ikú mìíràn pa, èèyàn díẹ̀ ló tẹ̀ lé e dé itẹ́, Fáda gbàdúrà, ó tán. Kò sí àìsùn, kò sí aṣọ ẹbí, kò sí jíjẹ mímu. Bàbá kan nínú akọrin wa kú lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Òkú tó yẹ ká fi ìlù sin. Àwa mẹ́sàn-án la wà níbẹ̀, ọmọ wọn tó wà ní Houston wà lórí fóònù tí ẹnìkan gbé dání, ó ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sí ọ̀dọ̀ wọn, mi ò rí wọn." Ìnáwó ṣeé sún síwájú, wọ́n sì sún un. Ojú tí kò rí òkú baba ẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n lè sún ìyẹn sí.

Ní oṣù Kọkànlá, oṣù àwọn olóògbé, Róòmù na ìdáríjì tí wọ́n máa ń fi ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ gbà fún àwọn òkú dé gbogbo oṣù náà, kí èrò má bàa rọ́ lọ sí itẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáda wa fi gbogbo Mísà oṣù yẹn ka orúkọ àwọn tí a kò ráyè sìn dáadáa.

Ìgbéyàwó àti ìrìbọmi?

Àlùfáà, ẹlẹ́rìí méjì, ọkọ, ìyàwó. Ohun tí ìgbéyàwó Àgùdà fi ń fìdí múlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, owó sì ṣẹ́kù lápò wọn. Ìrìbọmi ọmọ tí ẹ̀mí ẹ̀ wà nínú ewu kò nílò Fáda: ẹnikẹ́ni lè da omi sí i lórí ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, bó bá fẹ́ ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe.

Báwo lẹ ṣe mọ ẹni tí ebi ń pa?

A ò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kónílé-ó-gbélé, mo lọ gba ìwé orúkọ ọmọ ìjọ ní ọ́fíìsì. Ìwé owó oṣù ni. A mọ ẹni tó san owó ọdún àti ẹni tó jẹ gbèsè ìkórè. Nínú orúkọ tí mo kọ́kọ́ pè, ọ̀kan ti kú láti ọdún méjì, ọ̀kan ti kó lọ sí Mọ̀wé. Párìṣì tó ń pe ara ẹ̀ ní ìdílé Ọlọ́run, kò mọ iye ẹnu tó wà nínú ilé tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn.

A jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Párìṣì wa pín sí sóònù mẹ́sàn-án. Olórí sóònù kọ̀ọ̀kan gba ìwé eléwé ọgọ́rin, irú èyí tọ́mọ ilé ìwé ń lò, a ní kó kọ ohun márùn-ún: orúkọ, ojúlé, iye ẹnu, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí Kòrónà tó dé, àti ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́. A ò béèrè bóyá wọ́n ń sanwó ìjọ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, a ní kó pa á rẹ́.

Ohun tí ìwé yẹn fi hàn wá yà mí lẹ́nu. Èmi ti rò pé ọlọ́kadà àti àwọn tó ń tajà ní gáréèjì ni ebi máa kọ́kọ́ pa, ó sì pa wọ́n lóòótọ́, torí ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n ń jẹ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni ọlọ́kadà á sọ fún yín. Ẹni tí kò sọ ni tíṣà ilé ìwé aládàáni. Ilé ìwé tì ní oṣù Kẹta, owó oṣù tì pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń de táì, wọ́n ń sọ òyìnbó, àwọn ló ń ka ẹ̀kọ́ mímọ́ fún wa lórí àga ìkàwé. Ọ̀kan nínú wọn, tọkọ, taya, tọmọ mẹ́ta, gàrí gbígbẹ ni wọ́n ti ń mu fún ọjọ́ mẹ́rin. Àti wọ́dìn wa, ẹni tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ ọrẹ káàkiri lọ́jọ́ Ìsinmi! Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ wa, òun ni kò ní nǹkan nílé. Olórí sóònù ẹ̀ ló mọ̀, torí kò rí èéfín láti ẹ̀yìn ilé wọn fún ọjọ́ méjì. Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè béèrè bóyá èéfín ń rú.

Nítorí náà bí ẹ bá bi mí pé kí ló ṣiṣẹ́ jù, mi ò ní dárúkọ owó. Ìwé eléwé ọgọ́rin mẹ́sàn-án ni.

Kí ló wà nínú àpò tí ẹ pín, níbo lowó sì ti wá?

Ìrẹsì kóńgò méjì, gàrí kóńgò méjì, ẹ̀wà kóńgò kan, òróró ìgò kan, iyọ̀, Mágì, tòmátò alágolo, ọṣẹ ìfọṣọ kan. Ilé tí ẹnu bá pọ̀, a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, ìyẹn CWO, ló ra á, torí àwọn ló mọ ẹni tí kóńgò ẹ̀ kò tẹ̀. Owó àpótí St Anthony, ìyẹn àpótí ọrẹ fún àwọn aláìní, la fi bẹ̀rẹ̀. CWO fi owó tí wọ́n ti ń kó jọ fún ìrìn-àjò kún un, láìjẹ́ pé ẹnìkan bẹ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ párìṣì tó wà ní London àti Amẹ́ríkà ránṣẹ́. Bàbá kan tó ń sin ẹja àrọ̀ ní òun ò lówó, àmọ́ pé ẹja òun ń jẹ oúnjẹ láìsí ẹni tó ń rà á. Ẹja la jẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn ará JDPC, ìgbìmọ̀ Ìjọ tó ń rí sí ìdájọ́ òdodo àti ìdàgbàsókè, ràn wá lọ́wọ́ nípa bí a ṣe ń kọ ìṣirò, kí ẹnì kan má bàa gbà lẹ́ẹ̀mejì.

A ò tò wọ́n ní ìlà. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì á gbé àpò lọ sílé ní ìdájí, bí ẹni tó lọ gbé ẹrù fún aládùúgbò. Ẹni tí ojú bá ń tì, a gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a da aṣọ bò ó.

Mo mẹ́nu ba èyí torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, nígbà táwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí tó kún fún pàlíátíìfù ní Mazamaza. Ìrẹsì wà, gàrí wà, ebi náà sì wà.

Ṣé Àgùdà nìkan lẹ fún?

Ebi ò bi wá ní ìwé ìrìbọmi. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin, nígbà tí kónílé-ó-gbélé ṣì le. Alhájà kan ló ni ilé tó wà lẹ́yìn ìjọ wa. Bọ́họ̀lù wọn ló ń bu omi sí kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń fọwọ́ lẹ́nu géètì látìgbà tí tiwa ti bàjẹ́, wọn ò gba kọ́bọ̀. A gbé àpò mẹ́fà lọ fún àwọn ayálégbé wọn ṣáájú sààrì. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ pé ìjọ ló fún wọn. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n pè wá, wọ́n ní kí a sọ ọ́.

Kí ni ẹ ṣe tí kò dáa?

Èmi ni mo ṣe é, nítorí náà èmi ni kí n sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ya fọ́tò. Mo fẹ́ kí àwọn tó fowó ránṣẹ́ rí i pé a ò jẹ ẹ́. Obìnrin kan wà nínú ẹ̀, ó di àpò ìrẹsì mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín torí mo ní kó rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà gba orí WhatsApp lọ, ó dé ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ ẹ̀ ní Òṣogbo. Kò gba àpò kankan lọ́wọ́ wa mọ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ó fi omi lọ̀ mí, kò sì gba àpò. Látìgbà náà, owó tó wọlé àti owó tó jáde la ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, kì í ṣe ojú èèyàn.

Èkejì, oògùn. A gbájú mọ́ oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kọ orúkọ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, tí a kò sì ṣe nǹkan kan sí i fún bí oṣù kan. Bàbá kan ní ìrẹsì nílé, oògùn wọn tán, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀. Wọ́n yè é, ṣùgbọ́n apá òsì wọn ò padà sípò.

Owó ìjọ ńkọ́? Ṣé ẹ rówó san òṣìṣẹ́?

Apẹ̀rẹ̀ ọrẹ gbẹ. A kọ nọ́ńbà àkáǹtì sójú Facebook, àwọn àgbà tó máa ń fún ìjọ lówó jù ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù fowó ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ gba ìdajì owó oṣù fún oṣù mẹ́ta, Fáda náà gba ìdajì. Wọ́n san ìyókù lẹ́yìn Kérésìmesì.

Báwo ló ṣe rí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí?

Ìjókòó kan, àlàfo kan. Ìjọba ní ìdajì èrò ni kó wọlé. Agbada omi mímọ́ gbẹ. Ìkíni àlàáfíà di títẹrí. Ara Olúwa di ti àtẹ́lẹwọ́. Kò sí ijó ọrẹ: ẹ fojú inú wo Àgùdà Yorùbá tó jókòó bí ère nígbà tí akọrin ń kọrin ọrẹ, tí ejìká àwọn ìyá sì ń jó fúnra ẹ̀. Nígbà tí wọ́n na ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara sí iwájú orí bàbá kan, wọ́n gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n yọ ìbọn sí.

Èyí tó dùn mí ni pé wọ́n ní kí àwọn tó ti ju ọdún 65 lọ ṣì dúró sílé, àti àwọn ọmọdé tí kò tíì pé 15. Mo mọ ìdí ẹ̀, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí ló ru búlọ́ọ̀kù ìjọ náà lórí. Màmá tó ni àga ike yẹn, ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2021, ìyẹn ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ni wọ́n tó padà wọlé. Wọ́dìn gbé wọn jókòó síwájú gan-an. Wọ́n ní, "Mi ò kí ń jókòó síbí," wọ́n lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n máa ń jókòó.

Ṣé Àgùdà lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Ó lè gbà á. Róòmù ti sọ ọ́ lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé kò lòdì sí ìwà rere láti gba abẹ́rẹ́ Kòrónà, wọ́n sì fi kún un pé kò yẹ kí wọ́n fipá mú èèyàn gbà á. Póòpù Francis gba tiẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹta, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin. Àwọn kan nínú párìṣì wa ní àmì ẹranko ni, pé ẹni tó bá gbà á, irin á máa lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Kátíkísì wa gbà á, ó dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fi ṣíbí ìrẹsì kan apá ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ṣíbí jábọ́. Kò sí ìwàásù tó ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí Àgùdà Èkó rí, kí wọ́n wà láìsí Mísà?

Bẹ́ẹ̀ ni, inú irú ẹ̀ gan-an la ti wá. Kí àlùfáà SMA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà fún ilẹ̀ Áfíríkà, tó wá gbé l'Ékòó ní ọdún 1868, àwọn Àgùdà tó padà láti Bùràsíìlì ti wà níbẹ̀. Ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ló ń kó wọn jọ. Wọ́n ń pè é ní Padre, àmọ́ kì í ṣe àlùfáà, kò sì ṣe bí àlùfáà: kò rú Mísà, kò gbọ́ ìjẹ́wọ́. Ó ń kó wọn jọ gbàdúrà, ó ń kọ́ wọn. Nígbà tí Fáda Borghero, àlùfáà SMA kan, ṣèbẹ̀wò dé Èkó ní ọdún 1863, ó bá ìjọ tó wà láàyè. Nígbà tí àwọn kan ń sunkún lọ́dún 2020 pé Àgùdà parí, Padre Antonio ni mo máa ń rántí.

Nígbà Ebola ní 2014 náà, àwọn párìṣì kan dá bíbọ ara wọn lọ́wọ́ dúró níbi àlàáfíà. Àjàkálẹ̀ yẹn kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa, wọ́n kéde lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. A padà sí bíbọ ọwọ́, a sì gbàgbé ohun tó kọ́ wa.

Ìwé eléwé ọgọ́rin yẹn, ṣé ó ṣì wà?

Méje ṣì wà. Òjò ba ọ̀kan jẹ́, olórí sóònù kan kó lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú tiẹ̀, ó ní òun máa fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù la ń tún wọn kọ. Ẹni tó bímọ, a fi ẹnu kan kún un. Ẹni tó kú, a fi àgbélébùú kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀. Wọ́dìn ló ń kọ ti sóònù kẹrin báyìí.